Nígbà Tí Èlé Ṣílè Kan Di Sísì

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Ìyá Kíkẹ́."

Monínúọlá kò gbójú sókè nídìí òfì tó jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Ìjìgbò, l'Ádó-Èkìtì. Ó mọ ohùn Mọ̀dínátù dáadáa. Kíjìpá tó ń hun lọ́wọ́ ku díẹ̀ kó parí, ẹni tó ni ín sì ń bọ̀ láti Ìyìn lọ́jọ́ ọjà.

"Oò, ẹ kú ìrìn, Ìyá Nọ́fíù. Ṣé ìṣó ti tán lọ́jà ni, tẹ́ ẹ fi ń rìn kiri láàárọ̀ yìí?"

Ìṣó, àgádágodo àti páànù ìbolé ni Mọ̀dínátù ń tà nítòsí Ọjà Ọba. Ọjọ́ pẹ́ tí òun àti Monínúọlá ti ń ṣọ̀rẹ́. Ìkan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìkan ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, àwọn méjèèjì sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ kan náà.

"Ìṣó ò tán. Ìwé kan ni wọ́n kàn mọ́ ilẹ̀kùn ilé ẹgbẹ́. Wọ́n ní èlé ń já wálẹ̀."

Monínúọlá dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1932 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí ọkọ Monínúọlá, tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Òfà, ti kú. Owó tí wọ́n san lórí ikú rẹ̀, àti èyí tí Monínúọlá fi aṣọ híhun kó jọ, jẹ́ ọgọ́ta pọ́n-ùn. Ó kó gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ ní ìwé ọlọ́dún kan, ọdọọdún ló sì ń tún un ṣe. Lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ ń san ṣílè kan fún un lọ́dún. Ogún ṣílè ló ń di pọ́n-ùn, nítorí náà pọ́n-ùn mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀. Pọ́n-ùn mẹ́ta yìí ló ń gbọ́ bùkátà Kíkẹ́lọmọ, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan n'Íléṣà. Ó ku ọdún méjì kó parí.

"Wọ́n ń dín in kù sí èló?"

"Láti oṣù kìíní, pẹ́nì mẹ́sàn-án dípò méjìlá tó wà nínú ṣílè. Wọ́n tún ní ó lè di sísì, pẹ́nì mẹ́fà péré, lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Èmi ò gba èlé lọ́wọ́ wọn, ẹ̀sìn mi ò fún mi láyè, owó mi kàn wà níbẹ̀ kí olè má baà jí i ni. Ẹ̀yin ni mo rántí tí mo fi sáré wá."

Bí ṣílè bá di sísì, pọ́n-ùn mẹ́ta á di pọ́n-ùn kan àbọ̀. Monínúọlá kò nílò pẹ́ńsù láti ṣe ìṣirò yẹn. Ohun tó ń dà á láàmú yàtọ̀ sí ìyẹn. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti ń pè é ní Oníbéèrè, nítorí kì í jẹ́ kí nǹkan kọjá lára òun láìwádìí rẹ̀.

"Owó mi ò dín kù," ló sọ, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ọgọ́ta náà ló ṣì jẹ́. Ta ló wá ń já èlé rẹ̀ wálẹ̀? Kí ló dé?"

Kí wọ́n tó rí ẹni bi, Ayọ̀kúnlé wọlé. Àbúrò ọkọ Monínúọlá ni, ọkùnrin tó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé. Mọ̀dínátù kí i, ó sì padà sí ọjà rẹ̀. Ayọ̀kúnlé fa àpótí ìjókòó súnmọ́ òfì.

"Ìyàwó wa, mo ti gbọ́ nípa ìwé tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀kùn. Má wulẹ̀ banú jẹ́. Mo ní ibi tí owó rẹ máa lọ."

"Níbo ni, ọkọ mi?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wúrà. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, létí odò kan báyìí. Èmi àti àwọn mẹ́ta ti gba ilẹ̀ níbẹ̀, a ti ń wa ihò. Mo ti ta kẹ̀kẹ́ mi, mo ti kó gbogbo owó kòkó mi sí i. Owó òṣìṣẹ́ ló kù. Bí o bá fi ọgọ́ta yẹn kún un, ṣílè mẹ́ta ni màá san fún ọ lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan lọ́dún."

Ṣílè mẹ́ta! Pọ́n-ùn mẹ́sàn-án lọ́dún! Ọkàn Monínúọlá fò sókè. Ó rí Kíkẹ́lọmọ nínú aṣọ funfun tuntun, ó rí òrùlé páànù lórí ilé tirẹ̀ náà.

"Ṣé ẹ ti rí wúrà náà?"

Ayọ̀kúnlé tú kókó etí aṣọ rẹ̀. Ó fi hóró kan hàn án, kò ju hóró ọkà bàbà lọ, ó ń dán yìnrìn nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Monínúọlá fi ìka kàn án. Kò rí irú rẹ̀ rí.

"Ó rẹwà," ló sọ. "Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó."

Ká ní Ayọ̀kúnlé ti mú ìwé wá lọ́jọ́ náà ni, Monínúọlá ì bá ti tẹ̀ka sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún Mọ̀dínátù lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ti jọ ń gòkè lọ sí Òkèṣà, níbi tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ń gbé.

Ọláoyè lorúkọ akọ̀wé náà. Ó ti ṣe tíṣà fún ọdún pípẹ́, gbogbo ìlú ṣì ń pè é ní Tíṣà. Wọ́n bá a níbi tó ti ń sá ìwé ẹgbẹ́ sóòrùn nítorí ikán.

"Tíṣà, ẹ kú ilé o. Ìbéèrè ni mo bá wá. Ta ló ń já èlé wa wálẹ̀? Ṣé ẹ̀yin ni?"

Ọláoyè rẹ́rìn-ín, ó bọ́ dígí ojú rẹ̀. "Èmi kọ́, ọmọ mi. Jẹ́ kí èmi náà bi ọ́ ná. Owó tó o kó fún wa, kí lo rò pé a ń fi í ṣe?"

"Inú àpótí irin ẹgbẹ́ náà ló wà."

"Bó bá jẹ́ inú àpótí ló jókòó sí, níbo ni ṣílè ti ń wá?"

Nínú gbogbo ìbéèrè tí Monínúọlá ti bi láyé, kò bi ti èyí rí.

"A ń yá a fún àwọn tó ń ra kòkó, àti àwọn tó ń kó ọjà wá láti Òṣogbo," ni Ọláoyè wí. "Àwọn ló ń san èlé. À ń yọ díẹ̀ fún iṣẹ́ ẹgbẹ́, à ń fún yín ní ìyókù. Báwo ni ọjà kòkó ṣe rí báyìí?"

"Kòkó ti kú, Tíṣà."

"Ṣé o rí i? Oníkòkó tí kò rí èrè kì í wá yáwó. Owó kún àpótí, ẹni tó fẹ́ ẹ kò sí. A gbé èyí tó ṣẹ́kù lọ sí báǹkì l'Ékòó, wọ́n ní àwọn náà ti dín tiwọn kù, pé bó ṣe rí nìyẹn títí dé ìlú òyìnbó. Ìyá Nọ́fíù, bí ìṣó bá pọ̀ jù lọ́jà, tí oníbàárà kéré, kí lẹ máa ń ṣe?"

"À á dín owó rẹ̀ kù," ni Mọ̀dínátù dáhùn.

"Bọ́rọ̀ owó náà ṣe rí nìyẹn. Èlé ni iye tí èèyàn ń san kó tó lè lo owó olówó. Bí owó bá pọ̀, tí ayáwó kò pọ̀, iye náà á wálẹ̀. Mo sì rò pé a kò tíì rí ìsàlẹ̀ rẹ̀."

Ojú Monínúọlá tàn. Inú rẹ̀ dùn sí ohun tó mọ̀ yìí, kódà bí ohun náà kò tilẹ̀ ṣe é lóore.

"Kí ni ká wá ṣe, Tíṣà? Ìwé mi á pé ọdún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Bí o bá tún fi í sí ọlọ́dún kan, ọdọọdún ni wàá máa wá bá èlé tó kéré ju ti èṣí lọ. Ṣùgbọ́n a ní ìwé ọlọ́dún márùn-ún. Ẹni tó bá gbà á kí oṣù kejìlá tó parí, ṣílè kan náà la ó máa san fún un títí ọdún márùn-ún á fi pé, bí tàwọn yòókù tilẹ̀ di tọ́rọ́, pẹ́nì mẹ́ta péré."

"Ẹ kó gbogbo ọgọ́ta náà sí i!"

"Rárá o."

Ohùn Ọláoyè le tó bẹ́ẹ̀ tí Mọ̀dínátù fi yíjú padà.

"Bí ọmọ rẹ bá ṣàìsàn lóṣù kẹta ńkọ́?" ni Ọláoyè ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹgbẹ́ kì í dá owó ọlọ́dún márùn-ún padà kó tó pé. O lè tà á fún ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i pé ojú ń pọ́n ọ kò ní san iye tó yẹ. Ohun kejì, èmi kì í ṣe wòlíì. Mo rò pé èlé á ṣì máa já. Bó bá yí padà tó di ṣílè méjì ńkọ́? Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ á máa gba méjì, ìwọ á dúró sórí ọ̀kan."

"Kí ni kí n ṣe nígbà náà?"

"Kó ìdajì rẹ̀ síbẹ̀. Ọgbọ̀n pọ́n-ùn. Fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síbi tó o ti lè gbà á nígbàkígbà. Sísì péré la ń san lórí ìyẹn, má wo ti èlé, ti pàjáwìrì ni. Ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Ó yí ìwé kan padà sóòrùn. "Bí èlé bá já, ara wa tí a ní owó ń gbóná. Ara ta ló ń tù?"

Monínúọlá ronú. "Ara ẹni tó fẹ́ yá a."

"Kí sì ni àwọn olówó oṣù ń fi owó yíyá ṣe l'Ádó yìí, àwọn tíṣà, àwọn akọ̀wé, àwọn onímọ́tò?"

Mọ̀dínátù ló pariwo. "Wọ́n ń kọ́lé! Wọ́n ń tú òrùlé koríko, wọ́n ń kan páànù!" Ó di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. "Ìyá Kíkẹ́, ẹ fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn bá mi kó ọjà. Kò sí èlé láàárín wa o. Bí èrè bá wà, ká jọ pín in. Bó bá di àdánù, ká jọ gbé e."

"Ó lè di àdánù o," ni Ọláoyè wí. "Ilé kì í hù lọ́jọ́ kan. Má fi owó tí Kíkẹ́lọmọ máa ná lóṣù tó ń bọ̀ ṣe èyí."

Monínúọlá wá mí kanlẹ̀, ó sọ ti wúrà. Ọláoyè gbọ́ ọ parí.

"Mi ò sọ pé àbúrò ọkọ rẹ ń parọ́," ló dáhùn. "Ṣùgbọ́n bí gbogbo ìlú bá ń fúnni ní pẹ́nì mẹ́sàn-án, tí ẹnì kan ní òun á san ṣílè mẹ́ta, ewu tó wà nídìí rẹ̀ ló fi jẹ́ ṣílè mẹ́ta. Bi ara rẹ léèrè: bí owó náà bá lọ pátápátá, ṣé ọmọ rẹ á lè parí ẹ̀kọ́ rẹ̀? Ìgbà tí èlé bá já báyìí ni irú ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mọ́ èèyàn létí, nítorí olúkúlùkù ń wá ṣílè rẹ̀ tó sọnù."

Ní ọjọ́ kẹta, Ayọ̀kúnlé padà wá. Èyí ló nira jù fún Monínúọlá. Ẹbí ọkọ rẹ̀ ni, kò sì fi nǹkan kan dù ú láti ọjọ́ tó ti di opó. Ó gbé omi fún un, ó kúnlẹ̀, ó sọ ohun tó ti pinnu.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ayọ̀kúnlé. "Ṣé o ò gbà mí gbọ́ ni?"

"Mo gbà yín gbọ́, ọkọ mi. Ihò yẹn ni n kò mọ̀."

"Owó ẹ̀gbọ́n mi wà nínú owó yẹn!"

"Ó wà níbẹ̀. Òun náà ló ní kí n fi tọ́ ọmọ rẹ̀."

Ayọ̀kúnlé dìde. Kò mu omi náà. Monínúọlá jókòó sídìí òfì rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò sì rí fọ́nrán òwú kan hun.

Ọdún tuntun dé, èlé di pẹ́nì mẹ́sàn-án lóòótọ́. Ìwé ọlọ́dún márùn-ún Monínúọlá ń san ṣílè kan rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n páànù tí òun àti Mọ̀dínátù fi pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn kó kò tà. Oṣù kejì kọjá, oṣù kẹrin kọjá. Bí Monínúọlá bá lọ sọ́jà, á dúró síwájú ìsọ̀ Mọ̀dínátù, á máa wo páànù tó tò gègèrè. Àwọn kan sọ fún un pé ìbá kó gbogbo owó rẹ̀ tẹ̀ lé Ayọ̀kúnlé lọ sídìí wúrà. Àwọn ìgbà kan wà tí òun náà rò bẹ́ẹ̀.

Lóṣù keje, lẹ́tà Kíkẹ́lọmọ dé. Òjò ti mú kí ihò wúrà ya lulẹ̀. Ẹsẹ̀ Ayọ̀kúnlé ti dá sí méjì, inú ilé ìwòsàn tí òun ti ń kọ́ṣẹ́ gan-an ni wọ́n sì gbé e wá.

Monínúọlá kò ta aṣọ kankan, kò sì yáwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó lọ bá Ọláoyè, ó gba pọ́n-ùn mẹ́rin nínú owó pàjáwìrì, ó wọ lọ́rì lọ sí Iléṣà lọ́jọ́ kan náà. Ó bá Ayọ̀kúnlé lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú pákó, Kíkẹ́lọmọ ń fún un lẹ́kọ mu. Nígbà tó rí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó yíjú sógiri.

"Ẹ kú ewu, ọkọ mi."

Ayọ̀kúnlé yíjú padà sí i. "Wúrà wà níbẹ̀ o, ìyàwó wa. Ó kàn kéré ni."

Ẹ̀rín pa Monínúọlá, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo owó kòkó Ayọ̀kúnlé ti bá ihò náà lọ. Kì í ṣe olè, kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó kàn kó gbogbo ohun tó ní síbì kan ṣoṣo tí kò mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni. Monínúọlá san owó ìtọ́jú rẹ̀, ó mú un padà sí Adó.

Ìgbà tí ọyẹ́ dé ni ọjà páànù tó yí padà. Tíṣà méjì yáwó lẹ́gbẹ́ láti kan páànù sílé, nítorí owó yíyá ti dínwó gan-an. Ẹnì kan tó ní lọ́rì tẹ̀ lé wọn. Kó tó di oṣù kejì ọdún 1934, páànù tó tò gègèrè ti tán, Mọ̀dínátù sì ti kó òmíràn. Èrè tó kan Monínúọlá, pẹ̀lú èlé rẹ̀ méjèèjì, lé díẹ̀ ní pọ́n-ùn mẹ́ta. Ní oṣù kìíní ọdún náà ni èlé ìwé ọlọ́dún kan di sísì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lóṣù karùn-ún, Adébíyìí wá sílé Monínúọlá. Akọ̀wé tó fẹ̀yìn tì ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ darí dé láti Kàdúná, ó sì ti wọ ẹgbẹ́ ìfowópamọ́.

"Mo gbọ́ pé ẹ ní ìwé ṣílè kan. Ọgbọ̀n pọ́n-ùn. Ẹ tà á fún mi, màá san méjìlélọ́gbọ̀n."

Monínúọlá wò ó. "Ìwé ọgbọ̀n, ẹ fẹ́ san méjìlélọ́gbọ̀n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló dé?"

Kí ọkùnrin náà tó dáhùn, Monínúọlá gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí n rò ó." Ó di ojú. Ìwé tuntun ń san sísì. Tèmi ń san ṣílè. Lọ́dún kọ̀ọ̀kan, tèmi fi sísì ju tuntun lọ lórí pọ́n-ùn kan. Ó ku ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀. Ó ń ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ìka lórí itan. Lẹ́yìn náà, ó bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Bí èlé tuntun ṣe ń já ni owó ìwé àtijọ́ mi ń gòkè! Àfikún tí ìwé mi máa mú wá lẹ ń rà. Ó sì ju pọ́n-ùn méjì tí ẹ fẹ́ fi lé e lọ!"

Adébíyìí fi ọwọ́ họ orí. "Wọn ò sọ fún mi pé ẹ mọ̀wé tó báyìí."

"Mi ò mọ̀wé. Mo ń béèrè ni." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá. Bí mo bá gba méjìlélọ́gbọ̀n lọ́wọ́ yín, níbo ni n ó gbé e sí? Ìdí sísì yẹn náà ni n ó padà sí. Mi ò tà."

Ní ìparí ọdún yẹn, Kíkẹ́lọmọ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ láìjẹ gbèsè.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Monínúọlá lè ṣẹlẹ̀ sí olówó ìfẹ̀yìntì, sí oníṣòwò, sí ẹnikẹ́ni tó fi owó pamọ́ síbi tó ń mú èlé wá. Èlé máa ń gòkè, ó sì máa ń wálẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ pé ó ń wálẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìdí rẹ̀. Ẹ lọ wo ọjọ́ tí owó yín máa pé, kó má baà jẹ́ pé ìgbà tí èlé bá kéré jù ni gbogbo rẹ̀ máa bọ́ sí yín lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi apá kan síbi tí èlé tòní á ti dúró fún ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni kò mọ ọjọ́ tí èlé máa yí padà. Owó àìsàn àti pàjáwìrì gbọ́dọ̀ wà nítòsí, bí èlé rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Bí ẹ bá ní èyí tó ṣẹ́ kù, tí ẹ kò ní ná láìpẹ́, ẹ wo òwò tí owó yíyá olówó pọ́ọ́kú máa ń mú kó tà, kí ẹ sì mọ̀ pé ó lè pẹ́ kó tó tà.

Bí ẹnì kan bá sì wá fi ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ohun tí gbogbo ìlú ń san lọ̀ yín, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín, ẹ fún un lómi, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, kí ẹ sì bi í léèrè ibi tí owó náà ti máa wá.